Bí Jésù bá mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù dìde, kí ló dé tí ó fi sọkún?

Àdùkẹ́ Akọrin (Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi yóò dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, n kò sì lè béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo bí ọmọbìnrin kan, òkú ni mo sì bí i. Oyún náà ti pé, kò sí àìsàn kankan tó ṣe mí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo kíyè sí i pé kò yí nínú mi mọ́, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi mọ́, a ti mọ̀. Wọ́n ti sin ín kí n tó lè dìde lórí ibùsùn.

Gbogbo ẹni tó wọlé wá kí mi ló ń wí pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìtùnú ni wọ́n fi ṣe, èmi náà sì ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, omi ọyàn dé. Ó dé bí ẹni pé ọmọ wà nílẹ̀, ó rin búláòsì mi gbingbin, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa, Àlàájà ni wọ́n, wọlé, wọ́n wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n padà lọ sílé, wọ́n mú ọ̀já wá, wọ́n fi dì mí láyà pinpin kí omi náà lè gbẹ, wọ́n sì jókòó tì mí lórí ẹní títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun tí mo rántí jù lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹkún gbọ̀n mí láàárín ẹgbẹ́ akọrin. Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ẹkún mi ti ń pọ̀ jù, pé Kristẹni kì í ṣọ̀fọ̀ bí aláìgbàgbọ́, pé Ọlọ́run kì í bá ènìyàn sunkún nítorí ó ti mọ ìparí ọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. N kò fèsì. Mo délé, mo ṣí Jòhánù orí 11, mo sì ka ẹsẹ 35 tí gbogbo wa kọ́ sórí nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nítorí pé ó kúrú: "Jésù sọkún." Ní ẹsẹ 11, ó ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun ń lọ jí Lásárù ọ̀rẹ́ wọn tó ti kú. Bí ó bá mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí òkú náà yóò fi jáde, kí ni ẹkún náà wà fún? Ṣé ó dùn ún lóòótọ́ ni, àbí ó kàn ń bá wọn ṣe é?

Olùkọ́ Èdè (Ọjọ́ Ajé, aago 10:02 alẹ́)

Arábìnrin, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrọ́jú. N kò ní pa òwe kankan fún yín.

Èdè Gíríìkì ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwé Mímọ́, nítorí náà ibẹ̀ ni n óò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ẹsẹ 33, nígbà tí Màríà, arábìnrin Lásárù, àti àwọn Júù tó tẹ̀ lé e ń sunkún, ọ̀rọ̀ tí Jòhánù lò ni *klaio*, èyí tí í ṣe ẹkún tí ará ilé kejì ń gbọ́. Ní ẹsẹ 35, ó pa ọ̀rọ̀ náà dà sí *dakruo*, ọ̀rọ̀ tí kò tún sí níbòmíràn nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Bíbélì wa pe méjèèjì ní "sọkún", kò sì ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ti Gíríìkì yóò rí i pé Jésù kò pariwo ẹkún pẹ̀lú àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó wá wo ibojì, omi sì dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ojú ayé ni yóò ké tó àwọn yòókù tàbí jù wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a máa ń fò. Bíbélì wa sọ pé ó "kérora ní ọkàn rẹ̀", ní ẹsẹ 33 àti ní ẹsẹ 38. *Embrimaomai* ni ti Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹṣin tó ń fi imú fọn nígbà tí inú bá ń bí i. Òun náà ni Mátíù 9:30 àti Máàkù 1:43 lò nígbà tí Jésù ń fi ohùn líle kìlọ̀ fún àwọn tó wò sàn. Ìbínú wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe Màríà ni ó ń bínú sí, nítorí kò bá a wí rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti túmọ̀ ibẹ̀ gbà pé ikú gan-an ni ó ń bínú sí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó bí ó ṣe jìnnà sí ohun tí aṣáájú yẹn sọ fún yín: ohun tó pa ọmọ yín ni inú ń bí Jésù sí, kì í ṣe ẹkún yín.

Àṣàkẹ́ Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 10:40 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Nílẹ̀ wa, bí ọmọge bá ń lọ sílé ọkọ, yóò sun ẹkún ìyàwó. Ó mọ̀ pé ìgbéyàwó ni òun ń lọ, aṣọ ti wà lọ́rùn, oúnjẹ ti wà lórí iná, síbẹ̀ nígbà tó bá dé iwájú ìyá rẹ̀, omi ojú rẹ̀ kì í ṣe ti irọ́. Mímọ̀ tí ènìyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kò ní kí ibi tó wà báyìí má dùn ún.

Alàgbà Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 òwúrọ̀)

Mo kí arábìnrin náà kú ìrọ́jú, kí Olúwa fi ọwọ́ tútù bà á. N kò fara mọ́ ọ̀nà tí aṣáájú yẹn gbà sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má baà torí pé a fẹ́ tu ènìyàn nínú kí a wá sọ Ọlọ́run di ẹ̀dá bí tiwa.

Abala kìn-ín-ní nínú àwọn Abala ìgbàgbọ́ 39 tí Ìjọ Áńgílíkà ti dì mú láti 1571 sọ pé Ọlọ́run kò ní ara, kò ní ẹ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ru ẹ̀dá lọ́kàn kì í ru ú. Àwọn baba wa kò kọ èyí nítorí pé wọn kò mọ ìfẹ́ Ọlọ́run. Wọ́n ti rí àwọn òrìṣà Gíríìkì àti ti Róòmù tí owú ń jẹ, tí ìbínú ń gùn, tí ènìyàn kò lè fọkàn tẹ̀ nítorí pé bí inú wọn ti rí lónìí kọ́ ni yóò rí lọ́la. "Èmi Olúwa kò yí padà," ni Málákì 3:6 wí, ibẹ̀ ni gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé wa sì so mọ́. Bí ènìyàn bá jìn sínú kànga, tí ẹlòmíràn sì bẹ́ sínú rẹ̀ láti lọ bá a sunkún, ẹni méjì ló wà nínú kànga. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tó na okùn sí i, òun ló ṣàánú rẹ̀.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ni pé ìwà ènìyàn tó wà nínú Jésù ló sọkún ní Bẹ́tánì, ìlú Lásárù. Ìwà Ọlọ́run tó wà nínú rẹ̀ ló sì pe Lásárù jáde.

Àdùkẹ́ Akọrin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:05 òwúrọ̀)

Ẹ ṣé, Alàgbà. Àpẹẹrẹ kànga yẹn yé mi dáadáa, n kò sì fẹ́ Ọlọ́run tí yóò bá mi rì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ẹ kò sì tíì rí okùn kankan, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tó wà lókè ń gbọ́ ohùn yín.

Olùkọ́ Èdè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:30 ọ̀sán)

Alàgbà, mo júbà. Ìdajì ohun tí ẹ sọ ni mo gbà, ìdajì kejì ni mo fẹ́ kí a jọ wò dáadáa, nítorí pé ìjọ àtijọ́ ti jà lórí rẹ̀ gan-an.

Nestorius, ẹni tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Kọnsitantinópù, ni àwọn alátakò rẹ̀ fi ẹ̀sùn kàn pé ó ń pín Kristi sí méjì báyìí: èyí jẹ́ ti ènìyàn, ìyẹn jẹ́ ti Ọlọ́run, bí ẹni pé àwọn méjì ló ń gbé inú ilé kan náà. Ìgbìmọ̀ tó péjọ sí Éfésù ní 431 ni ó dá a lẹ́bi. Cyril ti Alẹkisáńdíríà, tó ṣáájú àwọn tó ta kò ó, kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ìyẹn Ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀, ló jìyà nínú ẹran ara. Ìwà kì í sunkún, Alàgbà. Ẹnì kan ni í sunkún. Bí ẹ bá béèrè pé *ta ni* omi bọ́ lójú rẹ̀ ní Bẹ́tánì, ìdáhùn kan ṣoṣo tí ìgbàgbọ́ wa gbà ni Ọmọ Ọlọ́run. Kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ tí a lè ti ẹkún náà sí lọ́rùn.

Ibi tí ẹ ti tọ̀nà ni pé Cyril kan náà kò gbà pé ọwọ́ ìyà lè tẹ Ọlọ́run nínú ìwà rẹ̀ gan-an. Ohun tí ó ń wí ni pé Ẹni tí ìyà kò lè tọ̀ lọ ló gbé ara wọ̀ kí ìyà baà lè rí i. Ẹ jẹ́ kí n yá kànga yín lò. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga nílẹ̀ wa kì í bẹ́ sínú rẹ̀, wọn kì í sì í dúró lókè. Wọ́n á so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ á yí wọn lára, òkùnkùn á bò wọ́n, síbẹ̀ okùn náà ṣì so mọ́ nǹkan lókè. Bí mo ṣe lóye Bẹ́tánì nìyẹn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú Lúùkù orí 7, Jésù pàdé òkú ọmọ opó kan lẹ́nu ibodè Náínì, ìlú kékeré kan ní Gálílì. Ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí ni. Kò pe Jésù, kò bẹ̀ ẹ́, kò sọ pé òun gbàgbọ́; ó kàn ń tẹ̀ lé pósí lọ ni. Bíbélì wa sọ pé nígbà tí Olúwa rí i, àánú rẹ̀ ṣe é. *Splagchnizomai* ni ti Gíríìkì, ó sì ti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìfun, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ni. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kò sí èdè tó rọrùn fún ọ̀rọ̀ yìí tó ti wa, nítorí a ti ní ìyọ́nú: inú ló yọ́. Àwọn tó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì ní láti ṣàlàyé kí ó tó yé wọn; ìyá tó bá ti gbọ́ Yorùbá ti mọ ibi tó ń dun Jésù.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé nítorí ara tí Jésù gbé wọ̀ nìkan ni, kí wọ́n ka Aísáyà 63:9, tí a kọ kí Jésù tó gbé ara kankan wọ̀: nínú gbogbo ìpọ́njú wọn, ojú a máa pọ́n òun náà. Kí wọ́n ka Hóséà 11:8, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé ọkàn òun yí nínú òun nítorí Éfúráímù, ìyẹn Ísírẹ́lì. N kò sọ pé Ọlọ́run ní ọkàn tó ń lù kìkì bíi tèmi. Mo ń sọ pé àwọn wòlíì kò tijú láti sọ̀rọ̀ báyìí, èmi náà kò sì rí ìdí tí n óò fi tijú.

Dáyọ̀ Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:11 ọ̀sán)

Ẹsẹ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni Tẹsalóníkà kìn-ín-ní 4:13, gbólóhùn náà kò sì parí sí ibi tí wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí. Pọ́ọ̀lù kò wí pé ẹ má banújẹ́. Ó ní kí ẹ má banújẹ́ bí àwọn yòókù *tí kò ní ìrètí*. Nígbà tí wọ́n sì sin Sítéfánù, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:2 sọ pé àwọn olùfọkànsìn ló gbé e sin, tí wọ́n sì pohùnréré ẹkún lé e lórí. Ẹni tó kú náà rí ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ kí ó tó kú, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sunkún.

Àlàbí Ìtàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:47 alẹ́)

Ohun tí aṣáájú yẹn sọ fún arábìnrin wa kì í ṣe tuntun, ẹni ńlá sì ti fi ara rẹ̀ dán an wò rí.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ ńlá nínú ìjọ àtijọ́, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n bí ní Thagaste ní 354, ní ibi tó di Àlùjéríà lónìí, ni mo ń sọ. Ní 387, òun àti Monica ìyá rẹ̀ wà ní Ostia, èbúté Róòmù, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé, ni ìyá náà bá ṣàìsàn, ó sì kú. Augustine fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Ó pa ìyá rẹ̀ lójú dé. Omijé rọ́ sókè láyà rẹ̀, ó sì fi agbára gbé e mì, nítorí ó rò pé ẹkún kò yẹ òkú ẹni tó kú sínú ìgbàgbọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ Adeodatus (orúkọ tí àwa ì bá pè ní Ọlọ́runfúnmi) bú sẹ́kún, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni, ìyá bàbá rẹ̀ ló kú, wọ́n sì ní kí ó dákẹ́! N kì í lè ka ibẹ̀ kí inú má bí mi díẹ̀.

Wọ́n sin ìyá, Augustine kò sunkún. Ó lọ wẹ̀ nílé ìwẹ̀ nítorí ó ti gbọ́ pé omi gbígbóná ń lé ìbànújẹ́ lọ. Ó wẹ̀ tán, ìbànújẹ́ wà níbi tí ó wà. Ó sùn. Nígbà tí ó jí, tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ àfi Ọlọ́run, ó jẹ́ kí omijé náà dà, ó ní òun tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọkàn òun bí ìrọ̀rí, ọkàn òun sì sinmi lé e. Ó wá sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ka ẹkún náà sí ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹni náà má fi òun rẹ́rìn-ín, kí ó kúkú sunkún fún ẹ̀ṣẹ̀ òun níwájú Ọlọ́run. Ẹ kíyè sí i pé iwájú Ọlọ́run ni ó ti rí àyè sunkún, nígbà tí kò rí i láàárín àwọn onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkejì jẹ́ tiwa. Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ogun sì tú òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlà ká. Ní oṣù Ògùn-ún 1846, nígbà tí ó ti di àlùfáà, ìyá náà wá bá a ní Abẹ́òkúta. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Crowther kọ ọ́ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn jókòó, àwọn ń wo ara àwọn. Ní 1850, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ sí Yorùbá jáde, inú ìwé yẹn sì ni orí 12 ẹsẹ 15 wà: ẹ máa bá àwọn tí ń yọ̀ yọ̀, ẹ máa bá àwọn tí ń sunkún sunkún. Ẹni tó fi ẹsẹ yẹn lé wa lọ́wọ́ ní èdè wa mọ ohun tí jíjókòó láìsọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Àlàájà tó mú ọ̀já wá, Abẹ́òkúta ni ọkàn mi lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (Ọjọ́rú, aago 4:33 òwúrọ̀)

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ̀wé, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò ní pẹ́. Ní wọ́ọ̀dù wa, bí ìyá bá bí òkú ọmọ, a máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ gbé e. Ibùsùn kékeré kan wà tí ẹ̀rọ ń mú kí ó tutù, kí ọmọ náà lè wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan fẹ́, àwọn kan kò fẹ́. Àwọn ìyá wa tó jẹ́ Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó bá wọn wá, bóyá yóò gbà fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ ẹsẹ 35, ẹ sì ti fo ẹsẹ 34. Kí omi tó bọ́ lójú Jésù, ó béèrè pé, "Níbo ni ẹ̀yin gbé tẹ́ ẹ sí?" Wọ́n ní, "Olúwa, wá wò ó." Ìgbà yẹn ni ó sọkún. Ó fẹ́ mọ ibẹ̀.

Àdùkẹ́ Akọrin (Ọjọ́rú, aago 6:50 òwúrọ̀)

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín ti jí mi lójú oorun. Èmi kò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé wa ni pé ìyá kì í mọ̀, àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa ń gbé e lọ, wọn kì í sì í sọ. Ọkọ mi mọ̀. Láti oṣù mẹ́ta yìí ni mo ti fẹ́ bi í, ojú rẹ̀ ni kò jẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbà pé ó sunkún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbà á tán, òmíràn dìde, n kò sì ní purọ́ fún yín pé kò dìde. Ẹsẹ 6 sọ pé nígbà tí ó gbọ́ pé Lásárù ń ṣàìsàn, ó tún dúró níbi tí ó wà fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀ náà ni ẹni tí kò tètè wá. Èmi náà gbàdúrà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọwọ́ mi wà lórí ikùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Olùkọ́ Èdè (Ọjọ́rú, aago 12:15 ọ̀sán)

Màtá, arábìnrin Lásárù kejì, bi í ní ẹsẹ 21, Màríà bi í ní ẹsẹ 32, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì: Olúwa, ìbá ṣe pé ìwọ ti wà níhìn-ín, arákùnrin mi kì bá tí kú. Ó dà bíi pé wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ara wọn nínú ilé láti ọjọ́ mẹ́rin tí òkú ti wà ní ibojì. Jésù kò dáhùn ìbéèrè náà fún ọ̀kan nínú wọn. Ó fún Màtá ní ọ̀rọ̀: "Èmi ni àjíǹde àti ìyè." Màríà kò rí ọ̀rọ̀ gbà, omijé ni ó rí. Ní ẹsẹ 37, àwọn Júù tó wá láti Jerúsálẹ́mù, ìrìn tí kò tó kìlómítà mẹ́ta, wá sọ ọ́ jáde láìfi bò: ẹni tó la ojú afọ́jú, ṣé kò lè ṣe é kí ọkùnrin yìí má kú? Jòhánù kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, Jésù tún kérora, ó sì lọ sí ibojì.

Arábìnrin, ẹsẹ 37 ni ẹ wà. N kò ní ohun tí mo fi lè fà yín kúrò níbẹ̀, n kò sì ní gbìyànjú rẹ̀. Inú Ìyìn Rere náà ni ẹsẹ yẹn wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Alàgbà Fẹ̀yìntì (Ọjọ́bọ̀, aago 5:48 ìrọ̀lẹ́)

N kò tíì yí èrò mi padà lórí Abala kìn-ín-ní, èmi àti Olùkọ́ yóò ṣì jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ okùn ìbàdí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àná. Ìdí mìíràn ni mo fi padà wá.

Ní èṣí, irú ohun tó ṣe arábìnrin yìí ṣe ìyàwó ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, èmi ni mo kọ́kọ́ pa òwe agbè fún un, mo gbàdúrà kúkúrú, mo sì wọ ọkọ̀ padà. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí wọn, ó máa ń kúnlẹ̀, yóò gbé omi wá, yóò sì wọ yàrá lọ, èmi sì ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà kò yá mọ́ ènìyàn.

Mo lọ lánàá. N kò mú Bíbélì dání. Mo sọ fún un pé òwe tí mo pa lọ́jọ́ yẹn kò dára, pé kí ó máà bínú. Kò dáhùn. Mo jókòó. A wà níbẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi lọ, kò sì sí ẹni tó dìde láti tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó sọ orúkọ tí wọ́n ti mú sílẹ̀ fún ọmọ náà fún mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti mú orúkọ kankan. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí kì í ṣe tèmi.

Àdùkẹ́ Akọrin (Ọjọ́bọ̀, aago 10:26 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ lọ.

Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sí ọkọ mi létí lánàá, láti ẹsẹ 33 títí dé 36. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí òun tó lọ sọ́jà, pé òun rò pé bí òun bá sọ fún mi, yóò pa mí. Yóò mú mi lọ ní ọ̀túnla. Ó ní koríko ti bo ọ̀nà, kí n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀.